Èyí Tó Gùn Jù

Ojú ń ta jórinjórin bí ẹni pé wọ́n da ata sí i. Àtàárọ̀ ló ti ń jó irin.

Oorun ń fà á lẹ́wù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sùn.

Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wo fíìmù ejò abìyẹ́ kan tí wọ́n yọ látinú ìwé ìtàn. Kì í ṣe èyí tó kúrú o. Èyí tí wọ́n fi odindi wákàtí kan kún ni.

"Bàámi, ẹ ti ń sùn!"

"Ta ló ń sùn? Etí ni mo fi ń wò ó."

"Ẹ̀yin náà lẹ ra èyí tó gùn. Wọ́n kàn ń rìn nínú igbó ṣáá ni!"

"Jẹ́ kí wọ́n máa rìn. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ejò kú. Ọba gorí ìtẹ́. Ọmọ fẹ̀yìn ti bàbá rẹ̀.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyá ọmọ ni, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó ti parí? Àdéhùn wa ni pé bó bá ti parí, mò ń mú un lọ sílé mi. Ó tún di oṣù tó ń bọ̀."



Ọmọ ò yíjú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Kò tíì parí, Màámi. Orúkọ àwọn tó ṣe é ló kù. À ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan ni."