Ariwo Òkun

"Apá òsì ni ká yà," onígbàjámọ̀ sọ. Wọ́n ń wá ọ̀nà etíkun, àmọ́ wọ́n tún já sí ẹ̀yìnkùlé onílé.

Aránṣọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí. "Ìwọ tó máa ń sọ lórí fóònù pé ariwo òkun kì í jẹ́ kó o sùn?"

"Wọ́n ti yí ọ̀nà yìí padà ni."

"Ṣé wọ́n yí òkun náà padà ni?"

Nígbà tí wọ́n dé etíkun, onígbàjámọ̀ la ẹnu sílẹ̀. Ó ti ìka bọ omi, ó tọ́ ọ wò.

"Ó níyọ̀ lóòótọ́."

"O ò débí rí?"

"Ṣebí a jọ sọ ọ́ ní kékeré pé àwa méjèèjì la jọ máa wò ó."

 Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀rẹ́ rẹ̀ sókè, kó dọ́gba.