Àjà Kẹrin

Lówúrọ̀ ọjọ́ tí ojúùwé kọ̀ǹpútà tuntun ilé ìwòsàn náà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ko Bing-hsun, òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ibẹ̀, kọ́kọ́ gòkè lọ sí àjà karùn-ún láti kí ìyá rẹ̀. Àìsàn ọkàn ló gbé ìyá náà dè. Ẹ̀rọ kékeré kan wà láyà rẹ̀ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Bí ìlù náà bá ṣe ségesège, aago á dún létí àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n á sì sáré wọlé. Li-yun, ẹ̀gbọ́n Bing-hsun obìnrin, ló sùn tì í mọ́jú.

"Láti ìdájí làyà wọn ti ń lù kìkì," ni Li-yun wí. "Aago ò sinmi. Díẹ̀ ló kù káwọn nọ́ọ̀sì gbé ẹní wá síbí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bing-hsun dáhùn. "Aago tí kò bá dún ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Kò tíì pẹ́ tí aago bàbá arúgbó kan ní àjà keje pẹ́ kó tó dún, nítorí pé ẹ̀rọ sáfà tó ń gbé ìròyìn dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ti kún àkúnya, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kò sí nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Wọ́n háyà wọn ni, lọ́nà jíjìn, níbi tí gbogbo ayé ń pè ní àwọsánmà, àjà kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni Bing-hsun ti ń bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n ra ètò tí yóò kó gbogbo wọn sórí ojúùwé kan ṣoṣo, kéèyàn lè máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ wọlé, ẹ̀bẹ̀ náà di ìjà. Wọ́n wá ra ọ̀kan láti òkè òkun.

Ètò náà gbọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló wá àwọn ẹ̀rọ náà rí, ó tò wọ́n láti ìsàlẹ̀ ilé lọ sókè, ó sì fún àjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bing-hsun kàn jókòó tì í ni.

Tu Yi-ching, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, gbé ọ̀rá ìpápánu àgbàdo kan wá, aláwọ̀ ewé, irú èyí tí àwọn ará ìlú wọn máa ń gbé lé ẹ̀rọ lórí kó má baà ṣe agídí.

"Bọ̀dá, inú àwọsánmà lẹ̀rọ wà," ó wí. "Ta ló máa gùn ún lọ gbé e lé e lórí?"

"Gbé e sórí kọ̀ǹpútà mi. Òórùn rẹ̀ á débẹ̀. Ṣé kò tíì bàjẹ́?"

"Ẹ má fi mí ṣe ọmọdé o."

Ojúùwé ṣí, àwọn ìlà aláwọ̀ ewé sì tò síbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, ìlà kan fún ẹ̀rọ àjà kọ̀ọ̀kan. Àjà kẹsàn-án tó wà lókè pátápátá kò yọ, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń sá aṣọ ibùsùn ni, kò sí aláìsàn níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn á wò ó tó bá yá.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ Yi-ching dúró.

"Bọ̀dá, kí lèyí?"

Àjà kẹrin ni ojúùwé kọ síbẹ̀.

Kò sí àjà kẹrin nílé ìwòsàn náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú èyí tí Bing-hsun mọ̀ nílùú Tainan. Lédè wọn, mẹ́rin dún bí ikú; ta ni yóò tẹ́ aláìsàn sórí nọ́ńbà ikú? Láti àjà kẹta, karùn-ún ló kàn. Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Láti ìdájí ni ìlà rẹ̀ ti ń lọ sókè sódò, ó lágbára ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ.

"Ẹnì kan wà níbẹ̀," ni Yi-ching wí jẹ́jẹ́.

"Olè tó yọ́ wọ àárín àwọn ẹ̀rọ wa ni," ni Bing-hsun wí. "Àjèjì tí kò mọ àṣà wa ló lè pe nǹkan ní mẹ́rin."

Ọ̀gá Chuang wọlé, ó wo ojúùwé, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Lọ́sàn-án yìí ni alága ilé ìwòsàn ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kó bá nǹkan yẹn níbẹ̀. Pa á."

"Ọ̀gá, ṣé kí n kọ́kọ́ wo inú rẹ̀?"

"Àjà tí kò sí, aláìsàn wo ló wà níbẹ̀? Tó o bá ń wo olè, olè náà ń wò ẹ́. Àbí o fẹ́ kó jalè dé orí ẹ̀rọ ìyá ẹ?"

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ló ṣe é. Bing-hsun pa ẹ̀rọ náà. Ìlà náà wálẹ̀, ó sì sùn gbalaja. Àwọn yòókù ò mira. Àyà rẹ̀ tó ti ń já láti àárọ̀ wá balẹ̀.

Lẹ́yìn tí alága ti wò ó tó sì yìn wọ́n, Bing-hsun ra ìrẹsì rírọ̀ tí wọ́n fi ẹja sè fún ìyá rẹ̀, nítorí Li-yun ti lọ sílé lọ sùn díẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà lífítì, ó pàdé nọ́ọ̀sì àjà karùn-ún kan tó sọ̀kalẹ̀ wá gba oògùn.

"Ẹ̀yin ará kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o," ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Látìgbà tẹ́ ẹ ti tan nǹkan yín, aago kan ò dún lọ́dọ̀ wa mọ́. Ẹsẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sinmi ni."

"Màmá mi ń kọ́?"

"Oorun ni wọ́n ń sùn. Ẹ sáà mọ bí òru àná ṣe rí. A ní ká má wọlé jí wọn."

Inú Bing-hsun dùn. Àwọn méjèèjì wọ lífítì. Oògùn kún ọwọ́ nọ́ọ̀sì, nítorí náà Bing-hsun ló na ìka láti tẹ bọ́tìnnì.

Ìka rẹ̀ ti wà lórí karùn-ún kí ojú rẹ̀ tó ka àwọn bọ́tìnnì náà láti ìsàlẹ̀, bí ètò tó ti òkè òkun wá náà ṣe máa kà wọ́n: ìkíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin sì ni èyí tó wà lábẹ́ ìka rẹ̀.