Àlejò Tó Wá Yẹ Òkúta Wò

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń retí olùyẹ̀wò, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbá yàrá ìwádìí. Kò sẹ́ni tó mọ olùyẹ̀wò náà lójú. Ohun tí wọ́n ṣáà gbọ́ ni pé obìnrin àgbà ni, pé kì í rẹ́rìn-ín, àti pé bí iṣẹ́ kan ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é á di ti ẹlòmíì.

Ọwọ́ Dókítà kékeré ni iṣẹ́ ọ̀hún wà. Orúkọ tí gbogbo wọn ń pè é nìyẹn, torí Ọ̀gá ni Dókítà àgbà. Ó ti pẹ́ tó ti sọ yàrá náà dilé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó, kò ráyè lọ. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ á pè é, Dókítà kékeré á ní òun wà nínú òkùnkùn, òun á pè é padà. Láàárọ̀ yìí náà, ọkùnrin náà pè léraléra. Dókítà kékeré pa fóònù, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, torí fóònù máa ń da ẹ̀rọ rú.

Kò pẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ fi mú obìnrin kan wọlé. Ó ti dàgbà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Mo wá wo ohun tí wọ́n ní ẹ ń ṣe níbí."

Ọ̀gá tẹrí ba, ó fa àga fún un. "A ti ń retí yín, mà."

Obìnrin náà wò ó. "Lóòótọ́?" Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. "Ta ló ni iṣẹ́ náà gan-an?"

"Èmi ni, mà," ni Dókítà kékeré wí.

Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọ yàrá inú lọ, níbi tí aṣọ dúdú bo ojú fèrèsé.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń ti ilẹ̀kùn yìí?"

"Ìmọ́lẹ̀ ìta ò gbọ́dọ̀ wọlé, mà. Tó bá wọlé pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn."

"Ìwọ nìkan lo máa ń wà nínú òkùnkùn náà?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Ó dá ọ lójú?"

Dókítà kékeré ti mọ̀ pé wọ́n á bi òun bóyá nǹkan mìíràn ń yọ́ wọlé tó ń da èsì rú. "Mo ti yẹ gbogbo igun wò, mà. Kò sóhun tó ń yọ́ wọlé."

Ó fi òkúta náà hàn án: pẹlẹbẹ, dúdú, kò tó èékánná. Ó ní inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá rárá, àmọ́ ara rẹ̀ lóde ń gbé e sáré fàlàlà. Bí èèyàn bá gé e sí méjì, ojú tuntun tó bá yọ á máa gbé iná náà. Òun wá fi í sáàárín dígí méjì tó kọjú síra, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá wọbẹ̀ má ríbi sá lọ. Òun kì í sì í da ìmọ́lẹ̀ náà bí ẹni da omi. Hóró kọ̀ọ̀kan lòun ń jẹ́ kó wọlé, bí ìgbà téèyàn bá ń ṣa ọkà.

"Kí ni òkúta náà á wá ṣe?"

"Á dáhùn, mà. Hóró kan wọlé, iná ara rẹ̀ á lọ sílẹ̀ díẹ̀. Òmíràn dé, á tún sọ̀ kalẹ̀."

"Ohun tó o ń tìlẹ̀kùn mọ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn."

"Òun ni, mà."

"Jẹ́ kí n rí i."

Wọ́n pa iná. Ìlà kan là kọjá lójú ẹ̀rọ, ó tẹ́jú, kò mira. Wọ́n dúró títí. Ẹnì kan wúkọ́.

"Ta nìyẹn?"

"Ọ̀gá wa ni, mà."

"Ó níyàwó?"

"Mo níyàwó, mà, mo sì bímọ," ni Ọ̀gá dáhùn. Kò mọ ohun tí ìyẹn kàn nínú iṣẹ́, kò sì fẹ́ béèrè.

Ìgbà náà ni ìlà ọ̀hún já wálẹ̀ ní ìpele kan, ó dúró, ó tún já, bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Dókítà kékeré gbàgbé pé àlejò wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ òkúta náà wúyẹ́wúyẹ́. Obìnrin náà ò wo ojú ẹ̀rọ. Ojú ọmọbìnrin náà ló ń wò.

Nígbà tí iná tàn, ó dìde. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mi ò ní nǹkan kan tí màá fi takò ó mọ́. Ṣùgbọ́n máa jẹun, o ti rù jù."

Ọ̀gá sìn ín dé orí àtẹ̀gùn, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Nísàlẹ̀, bí ẹ̀ṣọ́ ti ń bi obìnrin àgbà mìíràn, tóun náà ò rẹ́rìn-ín, pé ta ló ń wá, àlejò àkọ́kọ́ gbé fóònù sétí, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé, "Mo ti fojú ara mi rí i: òkúta ni wọ́n jọ ń wà nínú òkùnkùn lóòótọ́, kì í ṣe ọkùnrin, torí náà mo ti gbà, máa fẹ́ ẹ."