Ara Tó Tètè Ń Jinná

Láràárọ̀, ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán olóró pa kòkòrò inú iṣu, ẹ̀rọ a gba ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, a sì ṣírò bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yóò ṣe yára tún àbùdá tó bá bàjẹ́ ṣe. Ti Fẹ̀hìntọ́lá ló yá jù, òun náà ni wọ́n ń rán sí yàrá tó léwu jù.

Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín sí i. “Ìṣirò ní kílẹ̀ tó ṣú, ara yín á ti bọ̀ sípò, màmá.”

Inú bí i. “Ṣé torí pé egbò mi tètè ń jinná ni ẹ ṣe ń dá mi lọ́gbẹ́ lójoojúmọ́? Kí ni ìṣirò sọ nípa tiyín?”

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó jókòó sílẹ̀. Àwọn yòókù náà jókòó tì í, wọ́n ní àwọn ò wọlé, àfi kí ọ̀gá kọ́kọ́ na ìka tirẹ̀ sí ẹ̀rọ, kó gba ẹ̀jẹ̀ òun náà.