Pálọ̀ Ará Róòmù

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Owó péréte ni mo fi rìn yíká Yúróòpù," ni arìnrìn-àjò wí sínú fóònù ní pálọ̀ rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, bí irínwó èèyàn ṣe ń wò ó ní tààràtà lórí Fesibúùkù. "Ní Róòmù, ẹni tí n kò mọ̀ rí ló gbà mí sí pálọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Irú wọn ni mo ń pè ní ọmọlúàbí."

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Bàbá Ògúndélé ni, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń dáko kòkó lẹ́bàá Iléṣà, pẹ̀lú odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan.

"Ẹ kú ulé o. Dókítà ojú ní kí n padà wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹní lásán ti tó mi ní pálọ̀ yìí."

Arìnrìn-àjò kọ́kọ́ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ kíṣìnì, ìyẹn yá a lára dáadáa. "Bàbá, ẹ ò bá ti pè mí kí ẹ tó máa bọ̀. Èèyàn kì í dédé ya wọlé mọ́. Òtẹ́ẹ̀lì wà ní Old Garage."

Bàbá yí padà, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni arìnrìn-àjò rántí fóònù tí kò tíì pa. Ẹnìkan ti kọ̀wé sábẹ́ fídíò: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún bàbá ní àdírẹ́sì ará Róòmù yẹn."