Ọwọ́ Títẹ̀ àti Ẹ̀rí Ìyá Keziah

Dúródọlá mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò mọ ibi tí iṣẹ́ náà parí sí, ìyìn a sì máa pa á bí ọtí. Ẹni tí ìyìn bá ń pa kì í pẹ́ tí yóò fi máa purọ́ kí ìyìn má baà tán.

Ìbàdàn ló ti kọ́ ọwọ́ títẹ̀, lọ́dọ̀ Ìyáàfin Ọ̀ṣuntóyè. Iṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ọwọ́ oníbàárà, wọ́n á fi òróró àgbọn pa á, wọ́n á wá máa fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀díẹ̀, láti ìdí ìka dé ọrùn ọwọ́, títí ara yóò fi rọ̀ tí ọkàn yóò sì balẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣe fírídọ́ọ̀mù, ọ̀gá rẹ̀ kìlọ̀ fún un.

"Dúródọlá, ìsinmi là ń fún èèyàn, a kì í wo àrùn. Ẹni tó bá ń lo oògùn, má dá oògùn dúró fún un o."

Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìkìrun. Àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá, wọ́n á sì sùn lọ lórí àga. Nígbà tó yá, ẹnìkan ní ẹ̀yìn ríro ti fi òun sílẹ̀. Dúródọlá mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ òun, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ pé inú àtẹ́lẹwọ́ ni gbogbo àrùn ń gbé, àti pé bí òun bá ti tẹ̀ ẹ́, ó parí. Àṣejù, baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń yìn kì í rí ẹ̀tẹ́ lókèèrè.

Ìyá Keziah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Òkukù, ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Òun ló gbé Dúródọlá pọ̀n, tó tọ́ ọ dàgbà, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá ìyá náà jà, ó sì ń lo oògùn láràárọ̀. Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni Dúródọlá ń lọ tẹ ọwọ́ fún un.

"Ara mi fúyẹ́ gan-an, ọmọ mi," ni ó wí lọ́jọ́ kan. "Àní mo gbàgbé oògùn láti ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹ ò rí i, Màmá? Ẹ ò nílò rẹ̀ mọ́. Ẹ lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Ìyá Keziah jáde síwájú ìjọ, ó ní Ọlọ́run ti fi ọwọ́ ọmọ òun wo òun sàn. Ìjọ hó yèè. Dúródọlá ń rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ ń wú. Ẹni tó bá sì ti jẹ́rìí ìwòsàn lójú ìjọ, ó nira fún un láti tún máa gbé oògùn àrùn kan náà mì, kí wọ́n má baà ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti yẹ̀. Bí ìyá náà ṣe ti oògùn rẹ̀ bọ inú dúrọ́ọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣú. Hameedat, nọ́ọ̀sì ará Ìnísà tó máa ń bá a wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bá Dúródọlá nílé ìyá náà lọ́jọ́ kan. Ó wo ẹ̀jẹ̀ ìyá náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò.

"Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ Màmá ti ga jù. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sí ọsibítù báyìí."

Ìyá Keziah wo ojú Dúródọlá. Dúródọlá mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ìjọ kan ní Ìnísà ti ní kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ní Sátidé, wọ́n ti lẹ fọ́tò rẹ̀ káàkiri. Kí ni yóò wí fún wọn?

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ ba ẹ̀rí yín jẹ́ ni? Ẹ mú ọwọ́ wá."

Ìyá náà na ọwọ́ rẹ̀ sí i. Hameedat sáré jáde, ó lọ tẹ Olúwaṣẹ́gun, ọmọ ìyá náà, láago, kó lè wá gbé e.

Dúródọlá da òróró, ó tẹ̀, ó tẹ̀. Lójijì, ọwọ́ tó dì mú wúwo. Nígbà tó gbójú sókè, ẹnu ìyá náà ti wọ́ sápá kan, itọ́ ń dà. Ó pè é, ìyá náà ń wò ó, kò lè dáhùn. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ó kú ní ọjọ́ kẹta.

Olúwaṣẹ́gun mú oògùn inú dúrọ́ọ̀ wá, ó kó o síwájú Dúródọlá. Kò pariwo.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n má lò ó mọ́?"

"Èmi ni, bùọ̀dá mi."

"Má wá síbi òkú màmá mi."

Síbẹ̀ ó lọ. Ìdí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ló dúró sí, níta, ibẹ̀ ló ti gbọ́ tí wọ́n ń ka ìtàn ìgbésí ayé olóògbé. Ọmọ márùn-ún ni Ìyá Keziah máa ń kà nígbà ayé rẹ̀, Dúródọlá sì ni ìkarùn-ún. Orúkọ mẹ́rin ni wọ́n pè. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, ìlú Eko Ende lẹ́bàá Ìkìrun ló wà báyìí tó ń bó ẹ̀gẹ́, kò sì sí ẹni tó ń pè é lọ́mọ mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara tó rọ̀ yàtọ̀ sí ara tó sàn. Ẹ jẹ́ ká máa sọ ibi tí ìmọ̀ wa mọ fún ẹni tó bá gbọ́kàn lé wa. Oníbàárà tí a sọ fún pé "mi ò mọ èyí" lè fi wá sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n yóò lọ láàyè. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ jẹ́rìí, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò kí ìjọ tó gbọ́.