Àwọ̀n Tí Casimiro Ká Nítorí Fọ́tò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ kà á dé òpin ná.

1. Casimiro Tolaba ni ọ̀gá òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà lórí òkè Jujuy. Òun ni wọ́n ní kó tún adágún omi olóró tí wọ́n fi ń fọ wúrà ṣe. Ó ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa! Rọ́bà tuntun nísàlẹ̀, ọgbà wáyà yí i ká, àwọ̀n bò ó lórí, ìbọn afẹ́fẹ́ ń dún gbàù láti lé ẹyẹ. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó.

2. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, tí wọ́n ń bọ Pachamama, Ìyá Ilẹ̀, ni wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìṣíde adágún náà. Àwọn ayàwòrán ti dé, ṣùgbọ́n àwọ̀n ò jẹ́ kí omi náà hàn. Casimiro ní kí wọ́n ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n ṣí géètì fáwọn olórin, kí wọ́n sì pa ìbọn.

Lẹ́yìn fọ́tò, Ninfa tó ń ṣọ́ adágún ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ti géètì, ká da àwọ̀n bò ó padà ká tó lọ jẹun."

"Ninfa, ìbẹ̀rù ẹ ti pọ̀ jù. Oúnjẹ ń tutù. Ta ló fẹ́ wá mu májèlé?"

"Ẹni tí ò mọ̀ pé májèlé ni."

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ.

3. Doña Eulogia, ìyá Casimiro, ní ẹran láámà mọ́kàndínlógún, ẹran onírun bí àgùntàn ọlọ́rùn gígùn. Irun wọn ló ń hun tà, òun ló fi tọ́ Casimiro. Ibi adágún yẹn gan-an ni ìsun tí àwọn ẹran náà ti ń mu omi wà kí àwọn awakùsà tó dé ibẹ̀. Ọgbà ló ń dá wọn padà. Lọ́jọ́ náà, ìyá wà nídìí ìkòkò àsè ọmọ rẹ̀. Òùngbẹ gbẹ àwọn ẹran, wọ́n gba ọ̀nà àtijọ́, wọ́n bá géètì ní ṣíṣí.

Kí Casimiro tó sáré dé, mẹ́tàdínlógún ti kú. Ìyá rẹ̀ dé lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló ṣí i?"

"Èmi ni, Mamá."

"Nítorí kí ni?"

"Kí fọ́tò lè dáa."

Ìyá ò bú u. Ó kúnlẹ̀, ó ń tú òwú pupa tó fọwọ́ ara rẹ̀ so mọ́ etí wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lé Casimiro níṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń pa á lẹ́kún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ayọ̀ iṣẹ́ tó yọrí máa ń bo èèyàn lójú. Ẹ má ṣí ohun tó ń dáàbò boni nítorí kí wọ́n lè yìn yín, ì báà ṣe wákàtí kan. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń sọ pé kò séwu. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.